Wọ́n Bi Í Léèrè Àbí Wọn Ò Bi Í? Ìrírí Mi Nídìí Eré Sáyẹ́ǹsì Àròsọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré sáyẹ́ǹsì àròsọ kan mọ ohun tó ń sọ nípa àṣẹ tí ènìyàn ní lórí ara rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tẹjú mọ́ ibi tí ẹ̀dá àjèjì ti ń wọ inú ara ẹnìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ná owó sí. Ariwo á pọ̀, ẹ̀rù á sì ba gbogbo ilé. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ wo ohun tó kàn. Ṣé ẹni tó ní “mi ò fẹ́” ṣì ń gbé ohun tí wọ́n ṣe sí i lára kiri nínú eré náà, àbí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti dé, tí gbogbo wọn ti gbàgbé? Ibi tí mo dúró sí nìyí lẹ́yìn tí àwa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tíṣà jọ wo irú eré bẹ́ẹ̀, tí a sì ń fà á títí epo jẹnẹrétọ̀ á fi tán.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kí oníkálùkù fi ìlà pín ojú ìwé rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin. Ní ọ̀nà kìíní: ta ló béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ara? Ní ìkejì: kí ni wọ́n sọ fún un kó tó dáhùn? Ní ìkẹta: ṣé ó lè kọ̀, kí nǹkan kan má sì tìdí ẹ̀ yọ? Ní ìkẹrin: lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ta ló ru ẹrù ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìkìíní ò ṣòro. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣubú, ìkẹrin sì ni wọn kì í fẹ́ kí ẹ béèrè rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dáa bẹ̀rẹ̀. Nínú Star Trek: The Next Generation, apá kan wà tó ń jẹ́ “The Measure of a Man”, tí Melinda Snodgrass kọ, tó jáde ní February 1989. Róbọ́ọ̀tì ni Data, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú sánmà sì ni. Onímọ̀ kan, Bruce Maddox, fẹ́ tú u palẹ̀ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ilé ẹjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn. Èmi, ìjókòó tó ṣáájú ilé ẹjọ́ ni mo máa ń dá padà wò. Data ò fi ìbínú kọ̀. Ó bi Maddox ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ìṣòro kan báyìí wà nínú ọpọlọ irú òun, ṣé ó ti yanjú rẹ̀? Maddox ò tíì yanjú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti tú Data tán, òun á rí ojútùú. Ó ní àwọn á da gbogbo ìrántí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó má baà sọ nù. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Maddox bá a ní yàrá, Data ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀, bó ṣe rí lójú òun lọ́jọ́ náà gan-an, lè má bá a dé ibẹ̀.

Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀ kí ènìyàn tó fọwọ́ sí nǹkan. Ó béèrè ewu, ó béèrè ohun tí òun á pàdánù, ó rí i pé ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà ò tíì mọ̀ ọ́n, ó wá kọ̀. Nígbà tí wọ́n ní àṣẹ ni, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní dúkìá ni, dúkìá kì í fiṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi dandan mú Riker, ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti rojọ́ lòdì sí i. Riker yọ ọwọ́ rẹ̀ níwájú adájọ́, ó sì pa á bí ẹni pa iná gílóòbù. Adájọ́ ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn fúnra rẹ̀. Kété tí wọ́n dá a láre, Data sọ fún Maddox pé òun kọ̀, ṣùgbọ́n kó má dá iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo eré lọ́dọ̀ wa ló máa ń ya lẹ́nu pé ẹnìkan lè sọ pé rárá láì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló máa ń tètè gbá èyí mú. Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 23, ní kí oníṣègùn sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ti rí, irú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, pé ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ní 2001 pé àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé lè kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, kódà bí ikú ló máa yọrí sí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni “ọkọ ẹ̀ ti sáìn?” Obìnrin náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi “The Child” tì í. Ó ṣáájú ìyẹn díẹ̀, November 1988, eré kan náà ni. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wọ yàrá Deanna Troi, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, nígbà tó ń sùn, ó gba abẹ́ aṣọ ìbora wọlé. Ó sì lóyún. Wọ́n pe ìpàdé àwọn ọ̀gá. Picard, olórí ọkọ̀, ló kéde rẹ̀ pé Troi lóyún. Riker fẹ́ mọ ẹni tó fún un lóyún. Worf ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ nítorí ààbò ọkọ̀. Data ní bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, àwọn ò ní lè kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ikùn ẹni tó jókòó sáàárín wọn ni gbogbo wọn ń pín. Níkẹyìn Troi ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá yẹ láti dáàbò bo ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun á bí ọmọ òun. Picard ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Àwọn kan á ní Troi náà ló pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pàṣẹ lórí oyún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ní orúkọ tó ń jẹ́. Ọmọ náà dàgbà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kú, ìmọ́lẹ̀ bá tirẹ̀ lọ, ọkọ̀ sì ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Ojú ìwé yín á kún ní ọ̀nà kìíní dé ìkẹta. Ìkẹrin á ṣófo.

Ohun méjì ló fà á, ó sì dáa kí ẹ mọ̀ wọ́n, nítorí wọ́n tún ṣàlàyé ọ̀pọ̀ eré mìíràn. Èkíní, àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1988 láti March títí di August, nítorí náà wọ́n lọ hú ìwé eré tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti àárín 1970 sí 1980 fún Star Trek mìíràn tí kò jáde, obìnrin mìíràn ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi Troi rọ́pò obìnrin yẹn. Ìwà Troi, tó jẹ́ agbaninímọ̀ràn nínú ọkọ̀, tó ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, kò kan ìtàn náà. Èkejì, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń ra irú eré bẹ́ẹ̀ fẹ́ lè tún un gbé sáfẹ́fẹ́ bó ṣe wù wọ́n, láì tẹ̀ lé ètò kankan. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró. Bí apá bá parí, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà. Ọgbẹ́ tó bá gbà ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ kó tó jinná, kò sáyè fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí yọ gbogbo ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ara wọn. Ní 1990, àwọn Borg, ẹ̀dá àjèjì tó ń sọ ènìyàn di ìdajì ẹ̀rọ, gbé Picard fúnra rẹ̀, wọ́n ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lára, wọ́n fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fi ìmọ̀ rẹ̀ pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n gbà á padà. Apá tó tẹ̀ lé e gan-an, “Family”, lọ sílé rẹ̀ ní France, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nínú ẹrẹ̀ láàárín oko àjàrà, ó sì sunkún. Odindi apá kan! Ètò kan náà ni, ìlànà títà kan náà. Ọ̀gá ọkùnrin ni wọ́n wá àyè fún. Troi, tí wọ́n tún padà kó wọ inú ọkàn rẹ̀ tipátipá nínú “Violations” ní 1992, kò rí àyè bẹ́ẹ̀ gbà.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù nínú ìdílé eré yìí ti pẹ́: “The Enemy Within”, October 1966. Ẹ̀rọ pín Kirk, olórí ọkọ̀ inú Star Trek àkọ́kọ́, sí méjì, èyí tó burú nínú rẹ̀ sì fẹ́ fipá bá Janice Rand, òṣìṣẹ́ rẹ̀, lò pọ̀ ní yàrá obìnrin náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Spock, igbákejì Kirk, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi Rand bóyá kò rí i pé ẹni yẹn ní àwọn ìwà kan tó wuni. Mo máa ń dá ibẹ̀ dúró. Yàrá á dákẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a bá dé “Tuvix”, ìdákẹ́ ò sí mọ́. Star Trek: Voyager ni, May 1996. Tuvok àti Neelix, méjì nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀, wọ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn láti ibì kan sí ibòmíràn, òdòdó àjèjì kan wà lọ́wọ́ wọn, ẹni kan ṣoṣo ló jáde. Ẹni yẹn, Tuvix, ní ìrántí àwọn méjèèjì, ó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọkọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Dókítà inú ọkọ̀ rí bí wọ́n ṣe lè yà wọ́n, ẹni náà ní òun ò fẹ́ kú. Ó bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Dókítà kọ̀: ó ní òun ò lè gba ẹ̀mí ẹni tí kò yọ̀ǹda. Janeway, olórí ọkọ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Apá tó kàn ò mẹ́nu bà á.

Bí ẹ bá fẹ́ wo èyí pẹ̀lú àwọn mìíràn, ẹ dá a dúró níbi tí Dókítà ti kọ̀, kí Janeway tó ṣí ẹnu. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí oníkálùkù kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ka tirẹ̀ ṣáájú. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn: bí lékítọ́rà tàbí bàbá kan bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn ní “bẹ́ẹ̀ ni, sà”, ìjíròrò ti kú. Àṣìṣe kejì ni kí ẹ bi wọ́n pé “ṣé Janeway ṣe dáadáa?” Wọ́n á dá a lẹ́jọ́ bí olórí, wọ́n á sì ka orí: ẹni méjì ju ẹni kan lọ. Ẹ bi wọ́n dípò rẹ̀ pé: ta ni ẹ lè bi léèrè, ta ni kò sí níbẹ̀ tí ẹ lè bi? Tuvok àti Neelix ò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Ní tiwa níbí, ènìyàn ò nílò ọkọ̀ ojú sánmà kí ohun tí wọ́n gbìn sára ẹni tó yé e. Mágùn ńkọ́? Ọkọ á tẹ́ okùn tàbí ìgbálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó á dá a kọjá láì mọ̀, ara rẹ̀ ti di pàkúté nìyẹn. Nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ ìtàn mágùn, ẹ fetí sí ẹni tí ìtàn náà ń káàánú: ọkùnrin tó máa kú ni, tàbí ọkọ tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n gbé nǹkan sí lára dà bí ẹni tí kò sí nínú ìtàn. Ilà ojú náà máa ń wọ ọ̀rọ̀ wa, nítorí àwọn tó ní gọ̀m̀bọ́ ṣì wà láàárín wa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ka fífi ilà tàbí àmì sí ọmọ lára sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà máa ń ní ìdílé ló ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kì í ṣe ìkà, mi ò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀nà kìíní nìkan ni mo máa ń fi ìka tọ́ka sí.

Ẹni tí mágùn bá ti yé, Scully inú The X-Files á tètè yé e. Gillian Anderson, tó ṣe Scully, lóyún nígbà tí wọ́n ń ya eré náà ní 1994, nítorí náà wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kan jí Scully gbé kó lè lọ bímọ. Láti inú ìṣòro iṣẹ́ yìí ni ìtàn ọlọ́dún púpọ̀ ti wá: ẹ̀rọ kékeré lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, ẹyin tí wọ́n kó lára rẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ, àti ọmọ kan tí kò lóyún rẹ̀ rí. Eré náà kò gbàgbé, mo sì kan sáárá sí i. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpin 1997. Ní ọjọ́ 30 oṣù November, wọ́n gbé “The Post-Modern Prometheus” jáde, níbi tí wọ́n ti fún àwọn obìnrin lóyún nígbà tí gáàsì oorun gbé wọn lọ. Ẹ̀rín àti ijó ló parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, 7 December, ni ìtàn Emily, ọmọ Scully, bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni látòkèdélẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, eré kan náà, ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a mọ Scully, a ò mọ àwọn yẹn.

Fún ẹni tó fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì sọ ọ́ di ìwòran, “The Farm” inú Battlestar Galactica, 2005, ni kó wò. Starbuck, ọmọ ogun obìnrin kan, jí ní ilé ìwòsàn, ọgbẹ́ wà níkùn rẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ Simon ń rọra bá a sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un nípa ọmọ bíbí. A ò rí iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ kan ló tú àṣírí: Simon pè é ní Starbuck, bẹ́ẹ̀ kò sọ orúkọ yẹn fún un: ọ̀tá ni dókítà náà. Gbogbo ìtọ́jú tó ti gbà di ohun mìíràn lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2006 wọ́n padà sórí rẹ̀: Leoben, ọ̀tá mìíràn tó tì í mọ́lé, gbé ọmọ kan wá bá a, ó ní láti inú ẹyin tí wọ́n kó lára rẹ̀ ni. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà rí ibi dúró sí nítorí pé òótọ́ kan ti ṣáájú rẹ̀.

Doctor Who gba ọdún méje kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn. Ní 2008 Dókítà, akọni eré yìí, pa ìrántí Donna, tó ń bá a rìnrìn àjò, rẹ́ nígbà tí Donna ń bẹ̀ ẹ́ pé rárá. Ó ní bí òun ò bá ṣe é, Donna máa kú. Ní 2015 Dókítà fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún Clara, ẹlòmíràn tó ń bá a rìn. Clara ní ìrántí òun ti òun ni, ó sì yí ẹ̀rọ náà padà. Ọ̀dọ̀ Dókítà ni ìgbàgbé bọ́ sí. Àwọn tó bá wo méjèèjì tẹ̀ léra kò nílò àlàyé mi.

Orphan Black gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ní òpin ọdún kìíní rẹ̀, ní June 2013, àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú DNA wọn pé dúkìá iléeṣẹ́ ni wọ́n. Oṣù kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ẹnikẹ́ni ò lè gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí DNA tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí nìkan ló lè gbà á. Ẹ kíyè sí àlàfo yẹn, òun ni eré náà gbà wọlé.

Severance, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ni mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú àwọn tuntun, nítorí ìwé wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí wà níbẹ̀, fídíò tiẹ̀ wà tó jẹ́rìí sí i. Helena fọwọ́ sí i kí wọ́n fi ẹ̀rọ pín ọpọlọ òun sí méjì. Helly, ìdajì rẹ̀ tó ń jí sẹ́nu iṣẹ́ nìkan, fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Helena rán fídíò sí i: èmi ni ènìyàn, ìwọ kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó fọwọ́ sí i kọ́ ló ń jìyà rẹ̀, ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ò sì lè gba ìfọwọ́sí náà padà. Obìnrin kan tún wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé apá kejì ọpọlọ rẹ̀ ló rán lọ rọbí. Àwọn ìyá tó ń wò ó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé àwọn náà ì bá rán ẹnìkan lọ. Ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́.

Ní ti ètò yàrá: ẹ sọ ohun tó wà nínú eré fún wọn ṣáájú, ní gbangba, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lè wà láàárín yín, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ fi àga sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni lè dìde láì sọ ìdí. Apá kan tó fi ọwọ́ kan ìfipábánilòpọ̀ ti tó fún ìjókòó kan. Ẹ tan àkọlé sísàlẹ̀, nítorí ohùn àwọn òṣèré yára, ariwo jẹnẹrétọ̀ á sì gbé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ mì. Ẹ má fi “Unexpected” inú Enterprise, Star Trek mìíràn, ti 2001 bẹ̀rẹ̀, níbi tí Trip, ọkùnrin, ti lóyún tí gbogbo rẹ̀ di àwàdà. Àwọn ọkùnrin á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

“Similitude”, inú Enterprise kan náà, November 2003, ni mo máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn. Trip dákú, wọ́n dá ẹ̀dà rẹ̀, Sim, kí wọ́n lè mú ẹran ara kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọjọ́ 15 péré ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń lò láyé. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n rò pé ohun tí wọ́n máa mú ò ní pa á. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó máa pa á. Sim kọ̀. Archer, olórí ọkọ̀, sọ fún un lójú pé òun á fipá mú un bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sim fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó ní òun ti gbà. Ní ọ̀nà kẹta, ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá á kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, ìdajì á kọ “rárá”, àwọn nọ́ọ̀sì á sì máa béèrè pé ọ̀rọ̀ Archer àti ìpinnu Sim, èwo ló ṣáájú.